Ọ̀jọ̀gbọ́n Mabogunje, Owó Àjọ Wa àti Ilẹ̀ Tí A Fẹ́ Rà



Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé wa ti oṣù yìí kì í ṣe olóṣèlú, kì í ṣe oníṣòwò, kò sì jókòó sórí ìsọ̀ rí. Olùkọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ẹni tí ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí ó ku oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ méjì kí ó pé ẹni ọdún 91. Púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Ṣùgbọ́n kọmúnítì báńkì tí àwọn ìyá wa fi owó pamọ́ sí láyé Babangida, ìlú Àbújá tí àwọn ọmọ wa ń wáṣẹ́ lọ, àti ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ tí ó ń yọ wá lẹ́nu títí di òní olónìí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú gbogbo wọn.

Kánò ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1931. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ UAC ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé òkè Ọya rí, ẹ mọ irú ayé tí ọmọ Yorùbá máa ń bá ara rẹ̀ níbẹ̀: ó wà láàárín ìlú, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mú un padà wá sí Ìbàdàn, ó lọ sí Ibadan Grammar School, ó sì wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1949, nígbà tí ilé-ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí University College ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1961. Èyí tí ó kàn wá jù nínú rẹ̀ ni pé ìlú Èkó gan-an ni ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè náà. Ní 1964 ó tún kọ ìwádìí mìíràn jáde, ó dá lórí bí ọjà títà ṣe fìdí múlẹ̀ ní Èkó àti bí ó ṣe ń tàn kálẹ̀.

Èkó ìgbà náà kò tíì mọ̀ wá o. Oko ni Ìgàndó, oko ni Ẹgbẹ́dá. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni a wà, a kò sì di ara Èkó títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, Ìjọba Àpapọ̀ ní àwa ará Alimọṣọ jẹ́ 1,277,714. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé a lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí ó wù kí ó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ẹ wo bí oko ṣe di ìlú láàárín ogójì ọdún péré.

Irú nǹkan báyìí ni Mabogunje fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí. Jọ́gíráfì ni wọ́n ń pe ìmọ̀ tí ó kọ́. Nígbà tí èmi wà ní ilé-ìwé girama, orúkọ odò àti òkè ni wọ́n fi kọ́ wa ní jọ́gíráfì, àti ibi tí kòkó ti ń so, ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó gbà á lọ́kàn ni ìdí tí ọrọ̀ fi ń kóra jọ sí ibì kan, tí ìṣẹ́ sì ń kóra jọ sí ibòmíràn tí ọkọ̀ kò ní pẹ́ dé. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ìlú Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 1968, ó fi hàn pé àwọn Òyìnbó kọ́ ni wọ́n kọ́ wa ní ìlú títẹ̀dó. Yorùbá ti ní ìlú ńláńlá kí wọ́n tó dé, òwò àti ọ̀nà òwò ló sì gbé wọn ró. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Kánò ní 1912, ọ̀nà òwò yí padà. Ìlú tí reluwé kọjá níbẹ̀ ń gbòòrò, èyí tí reluwé yà sílẹ̀ ń joro. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lónìí, ẹ wo iye tí wọ́n ń gba ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀nà LASU sí Ìyánà-Ìpájà, kí ẹ sì wo èyí tí ó wà ní àdúgbò méjì sẹ́yìn rẹ̀.

Ó kọ̀wé kan ní 1970 lórí ìdí tí èèyàn fi ń kúrò ní oko wá sí ìlú, ìwé náà sì lókìkí láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé. Kò bá àwọn tí ń bú ará oko pé wọ́n ń sá fún iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Ó ní oko àti ìlú so mọ́ra wọn bí okùn ni: ẹni tí ó ti wá sí ìlú ń ránṣẹ́ sílé, ìròyìn tí ó rán ni yóò sọ bóyá àwọn àbúrò rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e tàbí wọ́n óò jókòó. Ta ni nínú wa tí kò bá bẹ́ẹ̀ dé Ìkọ̀tún? Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ló rí ilé oní-rúùmù kan níhìn-ín, ó ránṣẹ́ sílé, nígbà tí yóò fi tó ọdún márùn-ún ìdajì agboolé ti dé.

Ní 1972 ó tún kọ ìwé kan lórí àwọn àlejò tí ń ṣòwò kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí wọ́n ṣe ń la ilẹ̀ tuntun, tí wọ́n ń sọ ohun tí onílé kò kà sí di ọjà. Ọgbẹ́ kan ṣì tutù nígbà náà: ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Àìmọye ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ìyá alátẹ, fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n àti ọjà tí kò tíì tà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà tí ó wà láàárín wa lè sọ ọ́ jù mí lọ.

Kí n má fi oyè rẹ̀ pa yín lórí. Ní 1965 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n jọ́gíráfì, ó sì fẹ̀yìn tì ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1981. Láti 1980 dé 1984 òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì gbogbo àgbáyé, ọmọ Áfíríkà kan kò ṣe é rí ṣáájú rẹ̀. Ní 1999 ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàn án, àti ní 2017 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Vautrin Lud ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì kà sí Nobel tiwọn. Ó wà lára àwọn tí wọ́n wo ilẹ̀ Àbújá kínníkínní kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Ó wà nínú DFRRI tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1986 láti la títì sí oko, láti gbẹ́ kànga àti láti gbé iná dé abúlé. Ti DFRRI yẹn, ẹni tí ó rìn ní oko nígbà náà mọ èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí ó parí sórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ kọmúnítì báńkì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣàkíyèsí pé àwọn báńkì ńlá ń gba owó wa, wọn kì í sì í yá wa. Alátẹ kò ní ilé tí yóò fi dúró, kò ní ìwé ilẹ̀. Síbẹ̀ alátẹ yìí kan náà ń dá àjọ, ó ń dá èsúsú, kì í sì í jẹ́ kí ó yẹ̀, nítorí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrònú tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ojú tí a ń wo ara wa yìí bá lè mú kí àjọ dúró, ó lè mú kí báńkì dúró. Kí àwọn ará àdúgbò ra ìpín, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wà níwájú, kí àwọn ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọlé. Owó ìdásílẹ̀ kò ju náírà 250,000 lọ. Èyí àkọ́kọ́ ṣí ní Tudun Wada ní Kàdúná ní oṣù kejìlá ọdún 1990, Mabogunje sì ni alága àgbà fún àjọ ìjọba tí ń bójú tó gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún kárí orílẹ̀-èdè.

Ìyá mi tí ń ta ata ní ìwé ìfowópamọ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo ṣì rántí àwọ̀ ìwé náà. Ní ọjọ́ kan wọ́n débẹ̀, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, owó ata ọdún méjì sì lọ bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ báńkì náà, kò sí i mọ́ lónìí. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi máa ṣe òfin tuntun ní 2005, àwọn tí ó kù kò tó 800 mọ́. Ìjọba ní owó ìpìlẹ̀ wọn kéré, àwọn tí ń ṣàkóso wọn kò sì tó iṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ dúró wá mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2007, kí ó sì di máíkírófáínáǹsì.

Lójú tèmi, àlàyé ìjọba kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Àjọ wa dúró nítorí pé àwọn tí ń dá a mọ ara wọn, ẹnikẹ́ni sì lè dìde béèrè ibi tí owó wà. Nínú ọ̀pọ̀ kọmúnítì báńkì, orúkọ àdúgbò ni wọ́n kọ sórí ìgbá, àwọn èèyàn díẹ̀ ló mọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Ojú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni wọ́n fọ́.

Èyí ló mú mi dé ìpàdé gbogboogbò wa tó kọjá. Ẹ rántí pé ìgbìmọ̀ mú àbá wá pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́, kí a fi ra ilẹ̀, kí a sì dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa pa owó fún wa. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ti wà láti ìpìlẹ̀ yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní owó tí àwọn fi ń yá ara wọn ra ọjà kò gbọdọ̀ di owó ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ yóò tà fún ẹni mẹ́ta. Wọ́n jàre. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Akọ̀wé, níbo ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ tí ó yọrí?" Mo ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ìjẹ̀bú ti lówó láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1990 sí òkè, nígbà tí Mabogunje ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wo ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bí 90 ni wọ́n ń gbé nínú ìṣẹ́. Ìlú tí a ń wò lọ́dún Ojúde Ọba pẹ̀lú ẹṣin àti aṣọ òkè! Ilé ńlá àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n wà ní Èkó àti ní òkè òkun ni a ń rí, àwọn tí wọ́n ń gbé ìlú gan-an kò ní iṣẹ́.

Wọn kò dúró de ìjọba. Wọ́n pe àwọn ará ìlú jọ, ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ́, obìnrin, kí kálukú sọ ohun tí ó ń dùn ún àti ohun tí ó lè ṣe. Aláyélúwà Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adetona, tí ó jọba láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, tì wọ́n lẹ́yìn gidigidi. Ọba yìí náà ló ti sọ àwọn regbẹ́regbẹ́ jí padà, ẹgbẹ́ tí àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra ń ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí wà nílẹ̀, wọ́n mọ ara wọn, ojú ń ti ara wọn. Orí wọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú nílé lóko sì dá owó sí i. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lówó kéékèèké sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, wọ́n sì ń kó àwọn tí iṣẹ́ wọn jọra sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: irú ẹgbẹ́ tiwa yìí ni wọ́n lò. Nínú ìwé tí òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Kates ará Amẹ́ríkà jọ kọ ní 2004, wọ́n ní iṣẹ́ tí ó lé ní 8,000 ti jáde láti inú rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, àti pé ó jọ pé ìṣẹ́ ti dín kù púpọ̀.

Èyí tí ojú lè rí títí dòní ni Eriwe. Oko ẹja àrọ̀ ni, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kòtò ẹja lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kì í ṣe ọkùnrin olówó kan ló ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja ní Ìkọ̀tún mọ ohun tí ó wúlò nínú èyí. Ẹja àrọ̀ ń fẹ́ tó oṣù mẹ́fà kí ó tó tó tà, oúnjẹ rẹ̀ ló sì ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí a ná. Ẹni tí ó dá nìkan ra oúnjẹ ẹja àpò méjì kò lè bá ọlọ́jà dúnàá-dúrà. Bí ẹja bá sì ti tóbi, a kò lè ní kí ó dúró de oníbàárà, nítorí ojoojúmọ́ ló ń jẹun. Níbi tí àgbẹ̀ bá pọ̀ sójú kan, wọ́n lè jọ ra oúnjẹ, oníbàárà yóò sì máa wá bá wọn pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀.

N kò sọ pé ẹja ni kí a ṣe. Omi Ìgàndó kò jọ ti Ìjẹ̀bú, ẹni tí ó ń gbé nítòsí ààtàn ńlá tó wà níbẹ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni bí wọ́n ṣe tò ó: ìwádìí ṣáájú owó, ẹgbẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ẹgbẹ́ tuntun, àti owó yíyá fún àwọn tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Àwa ńkọ́? Bí mo ṣe ń wo ìwé ẹ̀yáwó wa, ìnáwó òkú, ìgbéyàwó àti owó ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ ń gbà á fún. Kò burú, ìdí tí a fi ní ẹgbẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó yẹn kì í bí ọmọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa fi yarí. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 ni òfin ìlò ilẹ̀ ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Wọ́n tún so òfin náà mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí ó fi jẹ́ pé yíyí i padà le bí ìgbà tí a fẹ́ yí ìwé òfin fúnra rẹ̀ padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, Ààrẹ Yar'Adua fi Mabogunje ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò wá ọ̀nà bí a óò ṣe ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, kí tálákà lè fi ilẹ̀ rẹ̀ dúró fún owó. Ẹni ọdún 77 ni nígbà náà. Títí ó fi kú, òfin náà kò kúrò níbi tí ó wà.

Nítorí náà, bí a bá máa ra ilẹ̀, ìwé ìdúnàádúrà àti rìsíìtì ẹbí nìkan kò tó. Olùwọnlẹ̀ ní láti wọ̀n ọ́n, kí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì olùwọnlẹ̀ àgbà ní Aláùsá láti wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tàbí ó ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹbí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Orúkọ ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀ ni kí ó wà lórí ìwé, kì í ṣe orúkọ alága tàbí tèmi. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ní 2016 tí ó de àwọn ajagungbalẹ̀, ó wúlò, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ń jẹ owó àti ọdún.

Ìgbìmọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé kò sí kọ́bọ̀ tí yóò jáde fún ilẹ̀ kankan kí ìpàdé gbogboogbò tó dìbò lé e lórí. Ṣáájú ìyẹn, ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún yóò lọ wo Eriwe fúnra wọn, méjì nínú wọn yóò jẹ́ àwọn tí wọ́n ta ko àbá náà. Wọn yóò bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn yóò béèrè iye tí wọ́n ń ná lórí kòtò kan, iye tí oúnjẹ ẹja ń gbà, àti ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún tí ẹja kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó mọ́tò yóò wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́, oúnjẹ láti ọwọ́ kálukú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.